Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fà

Ilé Bàbá Sàlàkọ́,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Tafo, Kumasi.
Ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá, ọdún 1958.

Àtinúkẹ́ ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn ohun tí kò jẹ́ kí n sùn fún ọ, nítorí bí o bá rí i pé ìlà ìkọ̀wé mi wọ́, wàá rò pé àìsàn ni. Èkíní ni aago tí ń jí ènìyàn tí o fi ránṣẹ́. Aago dáadáa ni, Ọlọ́run yóò máa jí ìwọ náà sí ire, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé kí ó má lọ dún nígbà tí gbogbo wa bá sùn lọ, kí ariwo rẹ̀ sì ṣòfò, nítorí náà mo máa ń lajú sílẹ̀ dè é títí yóò fi dún, lẹ́yìn náà ni mo máa ń sùn díẹ̀. Èkejì ni ọyẹ́ tí ó ti dé, tí gbogbo nǹkan gbẹ, tí àwọn aládùúgbò sì ń dáná bí ẹni pé omi wà nítòsí. Ẹ̀kẹta ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń sáré ní ọjà Kejetia, mo gbọ́ pé ti Accra pọ̀ jù ú lọ, ìwọ kò sì fìgbà kan wo apá òsì kí o tó sọdá títì láti kékeré. Ẹ̀kẹrin ni Ama ọmọ rẹ. Mo fi í ṣe ẹ̀kẹrin bí ẹni tí ó fi ẹran tí ó jóná sí abẹ́ ìrẹsì, ṣùgbọ́n òun gan-an ni èkíní. Má ká ọwọ́ lérí o. Ìwé yìí yóò parí sí ọpẹ́, kà á dé òpin kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Wàyí o, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró lẹ́yìn káńtà ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ yẹn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mo sì kí ọ kú owó tí o ń ná lé wa lórí. Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí àwọn bàbá wa fi ẹsẹ̀ rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ilẹ̀ Asante pẹ̀lú ẹrù lórí, tí wọn kò sì sọ orúkọ wọn nù lójú ọ̀nà, yóò máa ṣọ́ ọ nínú ìlú ńlá. Súwẹ́tà tí o rà fún mi dé. Mo fi pamọ́ sínú àpótí kí ó má bàa gbó, ìyá rẹ wá ní kòkòrò yóò jẹ ẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ó ń bá mi wọ̀ ọ́. Ó ní kí n kí ọ, ó ní súwẹ́tà náà móoru gan-an.

Mo tún dúpẹ́ tẹlifóònù. O ránṣẹ́ pé kí n wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Adum ní ọjọ́ Jímọ̀ kí a lè sọ̀rọ̀, mo sì wọ agbádá funfun mi lọ. Nígbà tí akọ̀wé gbé nǹkan náà sí mi létí tí mo gbọ́ ohùn rẹ, mo ṣí fìlà, kì í ṣe nítorí tìrẹ o, nítorí ìjọba tí ó ni ẹ̀rọ náà ni. Mo béèrè iṣẹ́ rẹ, mo béèrè onílé rẹ, mo béèrè aya onílé àti àwọn ọmọ wọn, bí a ti kọ́ wa láti ilé, ó wá ku kí n béèrè ara rẹ ni akọ̀wé sọ pé àkókò ti tán. Mo ní a kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àgbàlagbà ń sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi tọ́jú ìyókù ohùn rẹ di ọjọ́ Jímọ̀ tí ń bọ̀, ó sì wò mí títí, ó ní ohùn kì í ṣe ẹ̀bà tí a lè gbé pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Ama ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìwé, nítorí ìwé kì í kánjú.

O rántí ọjọ́ tí a tú ìgbéyàwó ìwọ àti Kwaku ká ní pálọ̀ mi níbí. Ìwọ jókòó ní igun kan, o di ojú mọ́ra, Kwaku sì jókòó ní igun kejì nínú aṣọ fítà rẹ̀ tí ó kún fún epo mọ́tò. Maame Esi ìyá rẹ̀ wá láti Krofrom, pẹ̀lú Wòfà Yaw, àbúrò wọn ọkùnrin, nítorí lọ́dọ̀ àwọn ará Asante, arákùnrin ìyá ni ó máa ń ṣojú ẹbí. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọn yóò fa ọmọ náà mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ti rí ọmọ tí ẹbí méjì fà títí ó fi ya bí aṣọ. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan Ama, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde, mo sì sọ̀rọ̀ bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti í sọ ọ́, mo ní ọmọ a máa jẹ́ orúkọ ilé bàbá rẹ̀, mo ní tiyín ni Ama, a kò ní jí ọmọ ọlọ́mọ gbé. Wòfà Yaw náà dìde, wọ́n tún aṣọ wọn ró, wọ́n ní ní ilẹ̀ Asante, ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ọmọ ń tẹ̀ lé, tiyín ni Ama, ìtìjú ni yóò jẹ́ fún wa bí a bá gba ohun tí kì í ṣe tiwa. Mo ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní láéláé. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á. Wọ́n ní mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ni kí ẹ gbà á. Bí àwọn méjì tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni a ṣe ń ṣe, tí olúkúlùkù ń sọ fún èkejì pé kí ó kọ́kọ́ wọlé. Níkẹyìn a fi í sílẹ̀ pé kí ó ṣì máa gbé lọ́dọ̀ mi ná nítorí ilé ìwé rẹ̀ wà ní Tafo.

Gbogbo wa ni inú wa dùn. Mo gbọ́ pé Wòfà Yaw sọ káàkiri Krofrom pé àwọn kò rí irú ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹnikẹ́ni kò fa ọmọ náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ronú sí ni pé Ama dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé pẹ̀lú àwo ife omi lọ́wọ́, ó ń dúró kí ọ̀rọ̀ tán kí ó lè gbé omi wọlé.

Lẹ́yìn tí o lọ sí Accra, Ama di ọmọ dáadáa. Ìwọ náà rántí bí mo ti yìn ín nínú àwọn ìwé mi. Ó ń fọ àwo tiwa, ó ń fọ ti Bákàrè alágbàtà obì tí ó gba yàrá iwájú, ó ń fọ ti ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́. Kì í béèrè ẹran, kì í béèrè bàtà, bí a bá bu oúnjẹ fún un, yóò jẹ ìdajì, yóò sì dá ìyókù padà pẹ̀lú ọpẹ́. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ìbùkún ni. Ó ní òun kò rí ìbùkún kankan níbẹ̀, ó ní ọmọ tí kò bá béèrè nǹkan, àlejò ni. Mo ní kí ó má fi ẹnu ba ọmọ rere jẹ́.

Nígbà tí aago rẹ dé, ìwà náà tún dára sí i, tàbí bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Bí aago bá ti dún báyìí, Ama ti dìde, ó ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú gèlè rẹ àtijọ́, ó sì ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù náà lórí itan. Yóò jókòó síbẹ̀ títí di àkókò ilé ìwé, lẹ́yìn náà yóò gbé ẹrù padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ fún Bákàrè pé aago Accra lọ́gbọ́n, ó ń kọ́ ọmọ ní ètò. Bákàrè tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní aago náà kí ó lè fi kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń rù. Ìyá rẹ wá rí i pé ó ń tọ̀ sórí ẹní, ó sì ń yọ́ dìde lọ fọ ẹní náà kí aago tó dún, ọmọ tí ó ti jáwọ́ nínú ìyẹn tipẹ́. Míìsì Bertha, olùkọ́ rẹ̀, sì wá bá mi nílé, wọ́n ní bí àwọn bá bi í ní ìbéèrè, ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń wò kí ó tó dáhùn, bí ẹni pé ẹnìkan ń bọ̀ wá mú un. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun mi ti kú.

Mo mú un lọ sí ọsibítù. Mo mú ìgò òfìfo lọ́wọ́ fún oògùn, mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò inú ara rẹ̀, inú mi sì dùn, mo ní ó dára, nísinsìnyí a óò rí ohun tí ó wà nínú ọmọ yìí. Lẹ́yìn ìyẹn ó wá ń béèrè ohun tí kò kan àìsàn. Ó ní ta ni Ama ń sùn tì, ta ni ó máa ń sunkún bá, kí ni ó máa ń béèrè fún. Mo fi ìgbéraga dáhùn pé kì í sunkún bá ẹnikẹ́ni, kì í sì í béèrè ohunkóhun. Dókítà wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Ó wá ní kí nọ́ọ̀sì túmọ̀ fún mi pé ara ọmọ náà le, ọkàn rẹ̀ ni ó rẹ̀, pé ìpínyà bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára, òun nìkan ni ó sì ń rù ú, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa jókòó tì í, kí wọ́n jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Mo na ìgò mi sí i. Ó ní kò sí nínú ìgò. Mo rò pé ahun ni. A gbé ìgò náà padà lófìfo, ìyá rẹ sì fi kẹrosíìnì sí i.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fún mi ní fọ́tò náà. Mo gbé e sí ojú fèrèsé, mo wá ìbànújẹ́ títí nínú egungun, n kò rí i. Ìyá rẹ náà wá a. Bákàrè wá nàka sí nǹkan funfun kan ní apá òsì, ó ní òun ti rí i, òun nìyí. Nígbà tí Míìsì Bertha wá, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ nìyẹn, wọ́n ní gbogbo wa ni a ní in.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù tí ó kọjá. Maame Esi máa ń gbé kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo tiwọn, wá fún wa ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni wọ́n wá ní ọjọ́ náà. Bí Ama ti rí wọn láti orí àtẹ̀gùn, ó gbé ẹrù rẹ̀ sórí, ó sì sọ fún wọn ní èdè Twi pé Nana, mo ti múra tán. Wọ́n ní sí ibo. Ó ní sí ilé yín, pé Bàbá àgbà ti borí. Wọ́n ní borí kí ni. Ó ní ìjà yẹn ni, pé Bàbá àgbà ní kí ẹ gba òun, Wòfà Yaw ní kí Bàbá àgbà gba òun, kò sì sí ẹni tí ó gbà, òun sì ń dúró láti mọ ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi kí ó wá gbé òun. Ó ní òun ti ń wọ bàtà dè é láràárọ̀ kí inú má bàa bí ẹni tí ó bá wá. Ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, òun kì í jẹun púpọ̀.

Maame Esi fi kẹ́ńkè sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ Àìkú wọn. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, wáyà aago rẹ ni mo ń yí, mo sì ń yí i lọ láìmọ̀, títí ó fi fẹ́ẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́. Àtinúkẹ́, ìwà ọmọlúàbí tiwa àti ìwà ọmọlúàbí tiwọn ni ó pàdé lórí ọmọdé kan, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ń dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fà á, ohun tí ọmọ náà ń fẹ́ ni pé kí ẹnìkan fa òun.

A sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní yoo, ìyẹn ó dára ní èdè Twi, bí ọmọ rere. Maame Esi wá fà mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ní àlàyé kò lè ṣe é, ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi etí gbọ́ ní pálọ̀, ní pálọ̀ náà ni yóò ti gbọ́ èsì rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n padà dé, Maame Esi, Wòfà Yaw àti Kwaku. A ní kí Ama lọ bu omi wá. Bí a ti gbọ́ ìró ife lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Wòfà Yaw dìde, wọ́n ní àwọn wá gba ọmọ àwọn. Mo ní ọmọ wo, tèmi yìí? Wọ́n ní ẹ̀yin ará Yorùbá ti ka gbogbo àlùbọ́sà Kejetia mọ́ ẹrù yín tán, ẹ wá fẹ́ ka ọmọ wa mọ́ ọn. Mo ní wúrà ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ yín, ẹ lọ wà á, ẹ fi èyí tí ó wà lókè sílẹ̀ fún wa. Wọ́n ní kí n wo iwájú orí rẹ̀, pé ti ilé àwọn ni. Mo ní iwájú orí ìyá rẹ̀ ni, pé èmi ni mo ni orí náà kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ mi. Àdéhùn wa ni pé kí a pariwo níwọ̀nba, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá, ará Krofrom ni ó ni ín, ó dùn mí lóòótọ́. Mo di etí aṣọ wọn mú, fìlà mi bọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ ń kígbe pé òun ni òun fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, Maame Esi ń kígbe pé ẹ̀yìn àwọn ni ó ti kọ́ oorun. Kwaku tí a kò fún ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ wá bú sẹ́kún, ó ní òun àti Àtinúkẹ́ ni ó pínyà, òun kò bá ọmọ òun pínyà. Ìyẹn kò sí nínú àdéhùn.

A kò sọ fún Bákàrè. Àlùwàlá ni ó ń ṣe lọ́wọ́, ó sì sáré wọlé pẹ̀lú bútà lọ́wọ́, ó ń pe súbúhánálláhì, ó ní ẹ̀yin àgbàlagbà, lẹ́yìn gbogbo ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà á ti ọjọ́sí? Ó da omi sí mi lẹ́sẹ̀ níbi tí ó ti ń là wá.

Ìgbà náà ni Ama jáde pẹ̀lú àwo omi. Ó wò wá yípo. Ó béèrè pé ṣé nítorí òun ni. Gbogbo wa dáhùn pọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, títí kan Bákàrè tí kò mọ ohun tí à ń sọ. Ó wá béèrè pé ṣé a óò tún jà lọ́la. Wòfà Yaw ní àwọn ti múra. Ama gbé àwo sílẹ̀, ó ní ebi ń pa òun, ó ní orí ẹja ni òun fẹ́ jẹ. Ìwọ náà mọ ẹni tí ó ni orí ẹja nínú ilé yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọ. Ìyá rẹ wò mí. Mo ní kí wọ́n gbé e fún un kíá. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fa egungun rẹ̀, ó sì béèrè bóyá òmíràn wà.

N kò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó di ẹrù náà, ní ọjọ́ kejì ó gbàgbé. Ẹní ṣì máa ń tutù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ ni ó sì ń fọ̀ ọ́ báyìí, ó ń kọrin lé e kí ọmọ má bàa tijú. Mo gbé iṣu lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ó béèrè ìgò mi, mo ní kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. A ti ṣètò pé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Kwaku yóò fi kẹ̀kẹ́ wá gbé e lọ sí Krofrom, yóò sì dá a padà ní ọjọ́ Àìkú. Ní Jímọ̀ tí ó kọjá mo di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà mú, mo ní kí ó má pẹ́ níbẹ̀ o, bí ó sì ti ń bọ̀, Maame Esi náà rán an sí mi pé ajọ́mọgbé ni mí. Irú èébú yẹn dùn mọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Kwaku tí ó sunkún níwájú ọmọ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ náà. N kò dá ọ lẹ́bi pé o kúrò nínú ilé tí kò sí àlàáfíà.

Ó ku ìwọ báyìí. Lánàá Ama bi mí pé ìyá òun ńkọ́, ṣé òun náà máa ń jà? Mo ní ìwọ ni o le jù nínú gbogbo wa. Nítorí náà bá mi fi owó ọkọ̀ rélùwéè ránṣẹ́, àti díẹ̀ lé e fún búrẹ́dì ojú ọ̀nà, nítorí ọmọ rẹ ti ń jẹun. Bí ọkọ̀ bá wọ Accra, má kúnlẹ̀ kí mi. Sáré kọjá lára mi, gbá ọmọ rẹ mú, kí o sì béèrè lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ohùn òkè pé ta ni ó gbà mí láàyè láti dá ọmọ rẹ dúró tó bẹ́ẹ̀. Màá dá ọ lóhùn gidigidi, má jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́. O lè bú mi díẹ̀, mo ti dárí jì ọ́ ṣáájú, ṣùgbọ́n má kan orúkọ bàbá mi. Màá di ọwọ́ rẹ̀ kan mú, kí o di èkejì mú, kí a fà á, ṣùgbọ́n rọra fà á o, apá ọmọdé ni. Bí mo bá sì ń mú un padà lẹ́yìn ọlidé, jẹ́ kí ó rí omijé rẹ. Má fi pamọ́ fún un nítorí ọmọlúàbí.

Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fẹ́ ríbọ́nì pupa, òun fẹ́ bàtà tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, òun sì fẹ́ sùn lápá ibi ògiri kí ìwọ wà ní apá ìta. Mo kọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó dẹ́kun bíbéèrè, kí ó má sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣófo nígbà tí ó bá béèrè. Ilé tí o bá wọ̀ yóò gbà ọ́, ẹni tí o bá fẹ́ràn yóò fà ọ́ mọ́ra. Ìyá rẹ ṣe àmín nínú súwẹ́tà mi.

Ama ti yan ọjọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí òun ni kí a lọ, ọjọ́ tí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Ama, bí wọ́n ti máa ń fi ọjọ́ ìbí sọ ọmọ lórúkọ. Kwaku ti gbà pé òun kò ní wá gbé e ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Màá yí wáyà aago rẹ, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ojú mi yóò ti là kí ó tó dún. Èmi ni bàbá rẹ, Sàlàkọ́, tí yóò di ọwọ́ ọmọ rẹ mú gbéra láti Kumasi ní àárọ̀ Sátidé, ogúnjọ́ oṣù Kejìlá yìí.